Ọkọ̀ Tó Ń Rìn Láìsí Atẹ́gùn

Olúsànyà fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ìtàn yìí síbí. Ó ní ká má wulẹ̀ fi orúkọ mìíràn bo òun láṣìírí, torí pé láti Badore dé Ṣàngótẹ̀dó, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ. Àwọn tó ń sọ ọ́ kiri sì ti bù mọ́ ọn débi pé ó sàn kí ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Páànù ìbolé ló ń tà ní Ṣàngótẹ̀dó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Páànù. Ilé rẹ̀ wà ní Badore, lẹ́yìn Ajah, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí ọ̀sà bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ pẹja níbẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ náà pẹja níbẹ̀. Nígbà tí ilé ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kìsìpírẹ́ẹ̀sì bí olú, òun fi ẹja sílẹ̀, ó gbájú mọ́ òrùlé. Ṣùgbọ́n tí o bá béèrè ẹni tó mọ omi jù ní Badore, o kò ní tíì parí ìbéèrè náà tí yóò fi nawọ́ sókè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọkọ̀ ìgbòkun mélòó kan máa ń sáré lórí ọ̀sà níbẹ̀. Ọkọ̀ onígi kéékèèké ni, èèyàn méjì ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbòkun kan ṣoṣo lórí òpó. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí àjẹ̀. Atẹ́gùn nìkan ló gbọ́dọ̀ tì ọ́. Wọ́n á gbéra ní èbúté, wọ́n á yí po kẹ́ẹ̀gì pupa kan tí wọ́n so mọ́ òkúta lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á sì padà wálé.

Eré ìgbádùn lásán ni. Ẹ̀bùn kan ṣoṣo tó wà ńbẹ̀ ni fìlà funfun kan, fìlà ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, tí etí rẹ̀ ti ya. Àlàájì Ìsìmáílà ló fi í sílẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ tó ń kó èrò kọjá sí Ìkòròdú. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ni yóò máa dé e títí di ọjọ́ Ẹtì mìíràn. Àlàájì yìí náà ni adájọ́. Orí àga oníke ló máa ń jókòó sí létí omi, fèrè lọ́rùn rẹ̀.

Atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà ibẹ̀. Lọ́sàn-án, á máa fẹ́ dáadáa. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, á ti rẹ̀ ẹ́. Á fẹ́ díẹ̀ láti ọ̀nà Ìkòròdú, á dákẹ́, á sì tún yọ láti ẹ̀yìn rẹ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ọkọ̀ tó ṣáájú lè dúró gbagidi bí òpó iná, kí èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá sì máa yọ́ kọjá lọ, kó má sì sí ohun tí ẹni iwájú ṣe tó burú.

Olúsànyà kò gba ìyẹn. Ní tirẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá pàdánù, ẹnì kan ló fà á. Ẹni náà sì ni Oyinkọ́lá, ìyàwó rẹ̀, torí òun ni wọ́n jọ máa ń wọkọ̀.

"Fa okùn yẹn, Oyin."

"Mo ti fà á."

"O fà á jù."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fà á."

"Kì í ṣe irú fífà báyẹn ni mo ní."

Ohun tí wọ́n máa ń sọ lọ nìyẹn, òun náà ni wọ́n máa ń sọ bọ̀. Ohùn sì yára lórí omi ju ọkọ̀ lọ. Àwọn tó wà ní èbúté máa ń gbọ́ ọ kedere, Àlàájì a sì máa rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó sú Oyinkọ́lá. Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn lọ bá Nọ́ọ̀sì Fàúsátù, ó béèrè bóyá àyè wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Fàúsátù ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Langbasa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ló sì máa ń gba fìlà jù. Ẹni tí wọ́n jọ ń wọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Ìbàdàn ni, nítorí náà ó ní kí Oyinkọ́lá máa bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó wọlé, wọ́n gba ipò kìíní. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbà á. Fàúsátù ní kí Oyinkọ́lá gbé fìlà lọ sílé lọ́tẹ̀ yìí. Oyinkọ́lá dé e dé ìdí oúnjẹ.

"Ṣé o ò ní ṣí fìlà yẹn kí o tó jẹun ni?" Olúsànyà béèrè.

"Ó di ọjọ́ Ẹtì."

Olúsànyà fi ẹ̀bà sẹ́nu, ó gbé e mì. "Kí ni Fàúsátù máa ń sọ fún ọ nínú ọkọ̀ gan-an?"

Oyinkọ́lá rò ó. "Kì í sọ nǹkan kan. Ó máa ń wo omi. Tó bá yá, á ní, 'Ìyá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.' Ó tán."

"Ó ní jọ̀ọ́?"

"Ó ní jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn há Olúsànyà lọ́fun ju eegun ẹja lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí èṣù ti máa ń rí àyè wọlé sí wa lára kì í tóbi. Ní ti Olúsànyà, ó gba ibi jọ̀ọ́ wọlé, ó sì rán Lateef sí i.

Lateef jẹ́ ọmọ àǹtí rẹ̀, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Ìkaté. Olúsànyà yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó kàn kí i ni. Lateef gbé nǹkan dúdú kan jáde lábẹ́ tábìlì, kò tóbi ju ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun lọ, fáànù kékeré kan wà nídìí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nǹkan. Ọ̀gá kan ní Lekki ló ní kí n yọ ọ́ lára ọkọ̀ òun, ó fẹ́ èyí tó lágbára jù ú lọ. Bátìrì ló ń lò. Ẹ gbọ́." Ó tẹ súìṣì.

Olúsànyà tẹ́tí. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tí mo ní kí ẹ gbọ́ nìyẹn."

Wọ́n jọ ń wo fáànù náà bó ṣe ń yí láìdún.

"Kí ni kí n wá fi ṣe?" Olúsànyà wí. "Eré ìgbòkun là ń ṣe."

"Mi ò kúkú ní kí ẹ fi ṣe nǹkan kan."

Olúsànyà padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń wọn páànù fún oníbàárà, ọkàn rẹ̀ wà ní Ìkaté. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé olè kọ́ nìyẹn, kò sí ẹni tí òun fẹ́ gba nǹkan rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, kí Oyinkọ́lá lè rí i pé kì í ṣe òun ló ń ba ọkọ̀ jẹ́. Ó tún rántí bàbá rẹ̀: nígbà tí atẹ́gùn bá kú mọ́ ọn lórí, ṣé bàbá òun kì í mú àjẹ̀ ni? Kí ni ẹ́ńjìnnì kékeré, bí kò bá ṣe àjẹ̀ tó lajú? Nígbà tí ó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti jàre ara rẹ̀ pátápátá.

Ó padà lọ bá Lateef. "Nǹkan ọjọ́ yẹn, ó ṣì wà ńbẹ̀?"

Lateef ti dì í sínú àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀ dè é.

Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n dè é mọ́, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé irú ti ọkọ̀ kùn ún. Kúlà tí Olúsànyà máa ń gbé omi tútù sí di ilé bátìrì. Súìṣì wà lábẹ́ pákó, níbi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń sinmi sí. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á ṣiṣẹ́. Bó bá tún un tẹ̀, á dá.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn, òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n yí kẹ́ẹ̀gì pupa po, atẹ́gùn kú, gbogbo ọkọ̀ dúró bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Olúsànyà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi gìgísẹ̀ tẹ nǹkan. Ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Kò lò ó pẹ́. Bí atẹ́gùn ṣe padà dé, ó ti ṣíwájú wọn dáadáa, ó sì pa ẹ́ńjìnnì náà. Àlàájì fọn fèrè.

Bí ọkọ̀ Fàúsátù ṣe gúnlẹ̀, Oyinkọ́lá sáré wọ inú omi dé orúnkún lọ bá a, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé fìlà náà fún un.

Ó yẹ kó tán síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kúkú ní òun fẹ́. Àmọ́ ẹ wo ọkùnrin tó dé fìlà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà tuntun rò pé òun ni sìkiọ́ríti ilé páànù, wọ́n ń béèrè ọ̀gá lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ṣí i. Ó dé e lọ sí ìpàdé àwọn baálé ilé àdúgbò. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì mìíràn dé, kò lè fojú inú wo orí ara rẹ̀ lófìfo mọ́. Ó tẹ súìṣì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. Àṣírù, ọ̀dọ́kùnrin òṣìṣẹ́ báńkì kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í sábà kúrò nípò ìkẹyìn, ló kọ́kọ́ wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ọgbọ́n wo lẹ ń dá?"

Ká ní ó dáhùn pé oríire ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Ṣùgbọ́n fìlà wà lórí rẹ̀.

"Etí òsì ni," ó wí.

"Etí òsì?"

"Etí ọ̀tún ń gbọ́ ariwo ayé. Òsì ló ń gbọ́ atẹ́gùn. Bàbá mi ló kọ́ mi. Kí atẹ́gùn tó dé ara ìgbòkun, ó ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ létí òsì. Ìwọ ni o kò dá a lóhùn."

Olúsànyà ní títí dòní òun kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ó kàn bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu òun ni, ó sì dára létí.

Àṣírù gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Lọ́jọ́ Ẹtì, Àlàájì ní kí Ọ̀gá Páànù kọ́ gbogbo wọn kí wọ́n tó gbéra, torí ìmọ̀ tí èèyàn bá há mọ́wọ́ kì í ní ìbùkún. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń wa ọkọ̀ ṣe tò sétí omi ní Badore, tí wọ́n dijú, tí wọ́n kọ etí òsì sí ọ̀sà. Olúsànyà ń rìn kọjá lẹ́yìn wọn, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn bí olùkọ́ àgbà.

"Kí lẹ gbọ́, Nọ́ọ̀sì?" ó béèrè lọ́wọ́ Fàúsátù.

Fàúsátù tún tẹ́tí dáadáa. "Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì."

"Ẹ máa gbìyànjú."

Ọjọ́ náà, òùngbẹ gbẹ Àṣírù, ó sì lọ ṣí kúlà Olúsànyà láti mú omi. Olúsànyà fo láti èbúté sínú ọkọ̀, ó jókòó lé kúlà náà lórí. Ó ní omi inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí gbogbo ènìyàn lè mu. Láti ìgbà yẹn, wọ́n ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Ọ̀gá Páànù ní omi kan tó fi ń fọ etí.

Ẹni tó wá dá kún wàhálà rẹ̀ jù ni Oyinkọ́lá. Láràárọ̀ ló ń bọ́ sí bákónì, tí á kọ etí òsì sí ọ̀sà, tí á dijú. Ó ń ṣe é tọkàntọkàn débi pé Fàúsátù béèrè bóyá etí ń dùn ún, ó sì fún un ní oògùn. Lọ́jọ́ kan, ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ṣèyí, mo ti sọ fún Fàúsátù. Mo fẹ́ padà sínú ọkọ̀ yín."

Èyí gan-an ni Olúsànyà ti ń fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ, òógùn bò ó.

"Ọkọ̀ yẹn kéré fún èèyàn méjì."

"Ọkọ̀ tí a jọ ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ náà kọ́?"

"Kúlà ti gba àyè."

"Ẹ jẹ́ ká gbé kúlà sílẹ̀ sílé."

"Kò ṣeé gbé sílẹ̀."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Omi."

"Ẹ ń gbé omi lọ sórí omi?"

Oyinkọ́lá fi ọwọ́ lé e lórúnkún. "Ẹ má ṣàníyàn, mi ò ní bá yín jiyàn mọ́. Mo mọ̀ báyìí pé ẹ mọ̀ ọ́n."

Kò sí èébú tí ìbá dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èrò pọ̀ ní èbúté. Àwọn kan tilẹ̀ wá láti Lakowe, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú eré náà lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n sì ti gbọ́ nípa ọkùnrin elétí. Olúsànyà ti pinnu. Kò ní tẹ súìṣì. Bó bá pàdánù, á ní etí ń yún òun.

Àlàájì fọn fèrè, wọ́n gbéra. Atẹ́gùn ọjọ́ náà kò ju èémí ọmọ ọwọ́ lọ, kò sì dúró sójú kan. Fàúsátù ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ Olúsànyà tí kò ṣẹlẹ̀ rí: kò sí ìjà. Ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà débi pé kò lè pàṣẹ. Oyinkọ́lá sì dijú, ó kọ etí òsì síta.

"Mo gbọ́ ọ," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó ń bọ̀ lápá ọ̀tún."

Olúsànyà mọ̀ pé kò gbọ́ nǹkan kan. Àmọ́ ó darí ọkọ̀ sí ọ̀tún, kó má bàa já a kulẹ̀. Atẹ́gùn kan sì dé lóòótọ́, ó wọ inú ìgbòkun wọn, ó gbé wọn kọjá Àṣírù àti gbogbo àwọn tó kù. Ó di Fàúsátù nìkan ló wà níwájú wọn. Oyinkọ́lá yíjú sí i, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ti pẹ́ tó ti wo ọkọ rẹ̀ báyẹn kẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni atẹ́gùn kú.

Èbúté ti súnmọ́. Ọkọ̀ Fàúsátù dúró níwájú, kò lọ kò bọ̀. "Bàbá Ṣèyí," Oyinkọ́lá wí, "ó kan yín. Ẹ tẹ́tí sí i."

Olúsànyà wo ojú yẹn. Ó ní bó ṣe pé fìlà ni, òun ì bá jẹ́ kó lọ. Ojú yẹn ni òun kò lè jẹ́ kó lọ. Gìgísẹ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ọkọ̀ gbéra. Ìgbòkun wà lókè, ó rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ìró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sá sórí okùn.

Oyinkọ́lá wo ìgbòkun. "Atẹ́gùn dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ ibo?"

Kó tó dáhùn, atẹ́gùn tuntun dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n iwájú ló ti wá. Ó ń ti gbogbo ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Ó gbá ìgbòkun Olúsànyà, ìgbòkun wú sẹ́yìn bí ikùn aboyún. Ọkọ̀ náà kò sì bìkítà, ó ń lọ síwájú.

Àlàájì yọ fèrè kúrò lẹ́nu.

Olúsànyà tún súìṣì tẹ̀ kó lè dá. Kò dá. Omi ti wọ̀ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí gìgísẹ̀ fi ń dùn ún. Wọ́n kọjá lára Fàúsátù, ó sì kí wọn bó ṣe máa ń kí èèyàn: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Wọ́n kọjá ibi tí eré parí sí. Kò sí fèrè. Àwọ̀n àwọn apẹja wà níwájú, Olúsànyà bá yí ọkọ̀ padà. Bó ṣe yí i, ó di pé ó ń yí po níwájú èrò bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

"Ẹ̀gbọ́n," Àṣírù ké sí i láti inú ọkọ̀ tirẹ̀, "ẹ dúró ká kí yín kú oríire."

"Mò ń bọ̀," Olúsànyà dáhùn, ó sì tún yí kọjá lọ.

Oyinkọ́lá kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó ṣí kúlà. Ó wo bátìrì. Ó wo wáyà tó ti inú rẹ̀ jáde, ó fi ojú tẹ̀ lé e lábẹ́ pákó, títí tó fi dé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ṣèyí, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín."

Ó gbé e. Oyinkọ́lá tẹ̀ síwájú, ó fa wáyà náà já. Ọkọ̀ dúró.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé atẹ́gùn tún kú, wọn kò sì ní àjẹ̀. Wọ́n wà lójú omi, kò jìnnà sí èbúté, gbogbo èèyàn ń wò wọ́n, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè dé ilẹ̀. Ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú lórí ilẹ̀ ṣì lè wọlé lọ ti ilẹ̀kùn. Àwọn ní láti jókòó síbẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" Oyinkọ́lá béèrè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Láti ìgbà àkọ́kọ́."

"Etí ńkọ́?"

"Kò sí etí kankan."

Oyinkọ́lá pa kúlà dé. "Mo lo oògùn etí, Bàbá Ṣèyí. Mi ò ní àrùn kankan, mo lo oògùn etí. Ibi iṣẹ́ mi, ọjà, ibi gbogbo ni mo ti sọ pé ọkọ mi mọ èdè atẹ́gùn."

Olúsànyà kò lè gbé ojú sókè. "Jọ̀ọ́ yẹn ni."

"Jọ̀ọ́ wo?"

"Jọ̀ọ́ tí Fàúsátù ń sọ fún ọ. O sọ ọ́ bíi pé ẹnì kankan ò sọ ọ́ fún ọ rí. Mo fẹ́ kí o padà wá."

Oyinkọ́lá wò ó títí. "Ṣé pé ó rọrùn fún yín láti de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀ ju kí ẹ ní jọ̀ọ́ lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dé èbúté kedere. Ẹnì kan nínú àwọn ará Lakowe bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn títí dé ọ̀dọ̀ Àlàájì. Oyinkọ́lá kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó di ẹnu mú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Ó ní òun náà kò mọ̀.

Nígbà tó ṣe, Fàúsátù rí atẹ́gùn díẹ̀, ó kọjá lọ́dọ̀ wọn, ó ju okùn sí wọn, ó sì fà wọ́n dé ilẹ̀.

Àlàájì ní kí Olúsànyà wá dúró síwájú àga òun. "Ẹni tó tú àṣírí náà kọ́ ni yóò sọ ọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ ọ́."

Olúsànyà ṣí fìlà, ó gbé e lé Àlàájì lọ́wọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ Lateef títí dé gìgísẹ̀. Ó bẹ Fàúsátù. Ó bẹ gbogbo wọn.

Àṣírù nawọ́. "Ẹ̀gbọ́n, kó lè yé mi. Etí òsì yẹn..."

"Irọ́ ni."

"Pátápátá?"

"Pátápátá."

"Mo ti ń fi òwú dí ti ọ̀tún lọ sí ibi iṣẹ́," Àṣírù wí. "Máníjà mi ti kọ́ bó ṣe ń gba apá òsì bá mi sọ̀rọ̀."

Ìdájọ́ Àlàájì kò le, àmọ́ ó jinlẹ̀. Ó ní Olúsànyà kò gbọdọ̀ wọ eré títí òjò ọdún náà yóò fi dá. Dípò bẹ́ẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni yóò máa wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ sídìí kẹ́ẹ̀gì pupa, láti máa ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má baà gé ọ̀nà kúrú. Ẹni tó rẹ́ni jẹ, ni Àlàájì wí, òun ló mọ ibi tí à ń gbà rẹ́ni jẹ.

Olúsànyà lọ dá ẹ́ńjìnnì padà fún Lateef, kò sì dúró mu omi. Nílé, Oyinkọ́lá kò bá a jà. Ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń kí i. Ó kàn jẹ́ pé ohunkóhun tí Olúsànyà bá sọ, títí kan pé òjò fẹ́ rọ̀, Oyinkọ́lá á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé wò ó fúnra rẹ̀. Èyí dùn ún ju ìdájọ́ Àlàájì lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jókòó sídìí kẹ́ẹ̀gì, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Kò ní ẹni tí yóò pàṣẹ fún. Ó ń wo omi. Ó rí i pé ibi tí atẹ́gùn bá fọwọ́ kàn máa ń ṣú díẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀. Ó rí i pé Fàúsátù, pẹ̀lú gbogbo mímọ̀ rẹ̀, máa ń ṣì í nígbà mìíràn, tí atẹ́gùn á fi í sílẹ̀ lọ bá Àṣírù. Fàúsátù kì í bínú. Ó máa ń dúró de òmíràn ni. Gbogbo ọdún tí Olúsànyà ti fi ń pariwo nínú ọkọ̀, kò rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí, torí ojú rẹ̀ wà lára Oyinkọ́lá, kò wo omi.

Ó wá sọ èyí fún ìyàwó rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí Olúsànyà ní òjò fẹ́ rọ̀, Oyinkọ́lá kò lọ sójú fèrèsé.

Ẹ̀kọ́ tó ní ká sọ fún yín kò pọ̀. Ó ní ẹni tó bá ń fi ẹ̀bi gbogbo nǹkan lé ẹnì kejì rẹ̀ lórí, ọjọ́ tí ẹ̀bi náà bá di tirẹ̀ gan-an, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ó ní irọ́ tó bá mú ẹni tí o fẹ́ràn fẹ́ràn rẹ sí i, òun ló wúwo jù láti gbé.

Nígbà tí òjò dá, tí Àlàájì sì dá a sílẹ̀, Oyinkọ́lá wá bá a létí omi.

"Mo máa bá yín wọ̀ ọ́ lónìí," ó wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa di ìtọ́kọ̀ mú."

Olúsànyà bọ́ síwájú, ó mú okùn ìgbòkun. Wọ́n gbéra dáadáa, wọ́n yí kẹ́ẹ̀gì po. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, atẹ́gùn kú mọ́ gbogbo ọkọ̀ lórí. Ọ̀sà tẹ́ pẹrẹsẹ, oòrùn ń wọ̀ lápá Lekki.

"Bàbá Ṣèyí," Oyinkọ́lá wí, "ibo lẹ rò pé ó máa gbà yọ?"

Olúsànyà wo omi lọ, ó wò ó bọ̀.

"Mi ò mọ̀."

Oyinkọ́lá gbé orí kalẹ̀ sí etí ọkọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. "Èmi náà ò mọ̀," ó wí. Ó tú ẹ̀pà tó dì sínú ìró rẹ̀, ó bu díẹ̀ fún un, wọ́n sì jọ ń jẹ ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń retí atẹ́gùn.

Ipò karùn-ún ni wọ́n gbà.